Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì: Omi Tó Mọ́ Gaara Lè Ní Májèlé Nínú Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Fọ Òkúta Irin

Ẹ̀yin ará Ítakpè àti Okene, ẹ̀yin ará Àjàòkúta, ẹ̀yin Ọ̀wọ́rọ̀ tí ẹ wà lórí òkè Àgbájà àti nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹni tó ń pọnmi nínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ bá Odò Ọya ní ìpínlẹ̀ Kogí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí ilé iṣẹ́ tó ń fọ òkúta irin bá wà lókè odò tí ẹ ń mu, tàbí bí adágún ẹrẹ̀ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ má ṣe mu omi náà, ẹ má sì fi po ẹ̀kọ ọmọ, títí ilé àyẹ̀wò yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò tí wọn yóò sì fún yín ní ìwé èsì rẹ̀. Ẹ má wò ó pé ó mọ́ gaara. Ẹ má sọ pé ẹ ti sè é. Májèlé tí mò ń wí yìí kì í sá fún iná.

Èmi ò sọ pé ẹnikẹ́ni ti ba omi yín jẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé àsìkò tó yẹ kí ẹ béèrè ti dé, kò sì ní dúró dè yín. Ọdún 1979 ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ ìwakùsà irin Ítakpè sílẹ̀ láti máa bọ́ Àjàòkúta. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí láti ìgbà náà: iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ń dúró. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ gbà láti san mílíọ̀nù 496 dọ́là fún ilé iṣẹ́ Global Steel kí ẹjọ́ tó wà lórí Àjàòkúta àti Ítakpè lè tán, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń kéde léraléra pé àwọn yóò jí ibẹ̀ dìde. Inú mi yóò dùn bí ó bá jí. Iṣẹ́ yóò wà fún àwọn ọ̀dọ́. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìlọkúta bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, omi yín wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí kò bá sì ti mọ bí omi rẹ̀ ṣe rí ṣáájú ọjọ́ yẹn kò ní rí ẹ̀rí kankan mú lọ sílé ẹjọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Òkúta irin kì í jáde nínú ilẹ̀ ní mímọ́. Ti Ítakpè, irin inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Quartz, òkúta líle tó ń di yanrìn funfun, ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Ìléru Àjàòkúta sì ń fẹ́ èyí tí irin rẹ̀ tó ìdá 63 tàbí 64. Nítorí náà wọ́n á fọ́ òkúta, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á dà á sómi, wọ́n á sì máa ya irin kúrò lára yanrìn. Ìyá tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ ọ́n: omi ló ń gbé ohun tí a fẹ́ kọjá, èèrí á ṣẹ́kù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èèrí ògì, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ti irin, nǹkan bí ìdajì gbogbo òkúta tí wọ́n lọ̀ ni yóò di ẹrẹ̀, wọn yóò wá mọ dáàmù sẹ́nu àfonífojì kan láti sé e mọ́, yóò sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ náà bá ti kógbá wọlé, lẹ́yìn tí àwa náà bá ti lọ.

Ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais ní ilẹ̀ Bràsíìlì, níbi tí irin àti quartz ti para pọ̀ nínú òkúta bíi ti Ítakpè, kẹ́míkà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń yà wọ́n nípá. Sítáàṣì àgbàdo á bo irin, kó má bàa léfòó. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní amine á lẹ̀ mọ́ quartz. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi náà, quartz á bá ìfófòó gòkè, wọ́n á gbọ́n ọn dànù, irin á kù nísàlẹ̀. Kí èyí tó ṣeé ṣe, wọ́n ní láti fi kọ́sítíìkì sódà gbé pH omi náà, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ásíìdì ṣe wà nínú omi tó, dé 10 tàbí kó lé díẹ̀. Omi mímu tí ìlànà Nàìjíríà gbà láàyè kò gbọdọ̀ kọjá 8.5.

Wọn kì í da omi yìí nù lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, èyí sì dára, nítorí ó ń dín omi tí wọ́n ń fà lódò kù. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń yí po ni ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ ń pọ̀ sí i: kálísíọ́ọ̀mù, mágínísíọ́ọ̀mù, sọ́fétì, iyọ̀, àṣẹ́kù amine. Bí kálísíọ́ọ̀mù bá pọ̀ jù, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Kẹ́míkà ò ní mọ quartz yàtọ̀ sí irin mọ́, ọjà wọn á bàjẹ́. Nígbà náà ni ọ̀gá iṣẹ́ á ní kí wọ́n tú lára omi àtijọ́ dànù, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Omi àtijọ́ yẹn, ibo ni wọ́n tú u sí? Ọjọ́ wo ni wọ́n tú u? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn? Bí ẹ bá pàdé ilé iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan péré láyé yín, àwọn ìbéèrè yìí ni kí ẹ bi wọ́n.

Ohun kan tún wà tí kì í wá sọ́kàn ènìyàn. Ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta nínú kòtò ìwakùsà, ammonium nitrate ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí kò bá jó tán á yọ́ sínú omi òjò, á di náítíréètì nínú odò àti nínú kànga. Kò ní àwọ̀. Kò ní òórùn. Ahọ́n ò lè mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tí wọ́n ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po wàrà fún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má lè gbé afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú káàkiri ara mọ́. Ètè rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ á máa yí sí aláwọ̀ búlúù, ó sì lè kú mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnu ìlànà omi mímu Nàìjíríà àti ti àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kò lórí èyí: náítíréètì kò gbọdọ̀ kọjá mílígíráàmù 50 nínú lítà omi kan. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, bí ẹ bá rí búlúù lẹ́nu ọmọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé omi kànga ni ẹ ń fún un.

Àwa tí a rí bí àwọ̀ Odò Ọ̀ṣun ṣe yí padà lẹ́yìn tí àwọn awakùsà góòlù ya bo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti fi kọ́ra pé ojú la fi ń mọ omi tó bàjẹ́. Ní ti irin, ojú ò tó. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní ilé iṣẹ́, kẹ́míkà kan wà tó ń mú kí ẹrẹ̀ ṣù pọ̀ kó rì, tí omi òkè á fi mọ́. Bí omi náà bá ní ásíìdì nínú, wọ́n á da lúbúlúbú òkúta ẹfun sísun sí i kó lè rọlẹ̀. Pupa irin á yára dì, á rì sísàlẹ̀. Mángáníìsì tó bá a rìn kì í yára bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ kí pH ga tó nǹkan bí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jáde nínú omi. Bí wọ́n bá wá dáwọ́ ìtọ́jú dúró nígbà tí pupa lọ tán, omi tí wọn yóò tú sódò á mọ́ rekete, mángáníìsì á sì wà nínú rẹ̀. Ọpọlọ ọmọdé ni mángáníìsì tó pọ̀ jù ń bá jà. Ìlànà Nàìjíríà gba mílígíráàmù 0.2 láàyè nínú lítà kan. WHO ti fà á wálẹ̀ sí 0.08 nítorí àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń mu wàrà tí wọ́n fi omi pò. Ìdí nìyí tí omi mímọ́ ìsàlẹ̀ dáàmù fi ń bà mí lẹ́rù ju omi pupa lọ. Ẹni tó bá rí omi pupa á sá.

Nínú ilé, a ní ohun méjì tí a gbẹ́kẹ̀ lé: álọ́ọ̀mù àti iná. Álọ́ọ̀mù ń kó ẹrẹ̀ nílẹ̀, ẹ máa lò ó fún ẹrẹ̀. Kò lè mú náítíréètì. Sísè ń pa kòkòrò onígbáméjì àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ẹ má ṣíwọ́ rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí omi bá hó tó sì ń fà, èyí tó lọ sókè ni omi. Mángáníìsì àti náítíréètì á dúró sínú ìkòkò, wọ́n á sì ki sí i nínú èyí tó kù. Ẹni tó bá sè é pẹ́ ti mú un burú sí i.

Àwọn àmì kan wà tó ń fi irin hàn, ẹ mọ̀ wọ́n: tíì tí ẹ pò tó dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, aṣọ funfun tó ń ní àbàwọ́n ìpatà, òkúta inú odò tí ohun aláwọ̀ ọsàn múlọ́múlọ́ bò. Èyí tó kẹ́yìn yẹn burú jù. Ó lè túmọ̀ sí pé sọ́fáídì wà nínú òkúta tí wọ́n gbẹ́ jáde, pé afẹ́fẹ́ àti omi ti sọ ọ́ di ásíìdì, àti pé ásíìdì náà ti ń yọ irin àti àwọn nǹkan mìíràn jáde. Bí ẹ bá rí i, ẹ lé ẹran yín kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó lọ pe àwọn aláṣẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé odò tóbi, pé yóò gbé ìdọ̀tí lọ, ẹ sọ ti Adágún Superior fún un. Adágún ńlá ni, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó fẹ̀ ju ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ. Láti 1955 ni ilé iṣẹ́ Reserve Mining ní Silver Bay, ìpínlẹ̀ Minnesota, ti ń da èèrí òkúta irin sínú rẹ̀, tó fi di nǹkan bí 67,000 tọ́ọ̀nù lójúmọ́. Ní 1973, wọ́n rí fọ́nrán kéékèèké tó jọ asbestos, òkúta onífọ́nrán tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nínú omi ẹ̀rọ tí ìlú Duluth ń mu, ìlú tó wà létí adágún kan náà. Ojú lásán ò lè rí wọn. Adájọ́ ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 1974, ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ tún un ṣí láàárín ọjọ́ méjì. Ó di ọdún 1980 kí wọ́n tó ṣíwọ́ dída á sínú adágún. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko, ní orílẹ̀-èdè tó ní òfin, tó ní owó, tó ní ilé àyẹ̀wò.

Ewu tó kù tóbi ju májèlé lọ, ó sì ń yára pa ènìyàn. Omi kan náà tó ń fọ irin ló ń wó dáàmù.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá 2015, dáàmù Fundão ti ilé iṣẹ́ Samarco, tí Vale àti BHP jọ ni, já nítòsí ìlú Mariana ní Minas Gerais. Ẹrẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 30 mítà oníhà mẹ́ta tú jáde. Ó gbá abúlé Bento Rodrigues lọ, ènìyàn 19 kú, ó sì wọ odò Rio Doce. Ìlú Governador Valadares, tí ènìyàn tó ju 200,000 ń gbé, ní láti ti ẹ̀rọ omi rẹ̀ pa. Àwọn ẹ̀yà Krenak, tí wọ́n ti ń gbé létí odò náà láti ayébáyé, kò lè pẹja mọ́, wọn ò lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ náà rin ìrìn tó lé ní 600 kìlómítà kó tó já sínú òkun Àtìláńtíìkì, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà.

Kí ló fà á? Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Norbert Morgenstern jẹ́ olórí rẹ̀ sọ ọ́ ní 2016. Oríṣi ẹrẹ̀ méjì ni wọ́n ń dà síbẹ̀: yanrìn, tí omi ń tètè jáde nínú rẹ̀, àti ẹrẹ̀ múlọ́múlọ́ kíkúnná, tí omi kì í fẹ́ jáde nínú rẹ̀. Ìlànà ni pé kí yanrìn wà níwájú, kó máa gbé ògiri ró, kí ẹrẹ̀ múlọ́múlọ́ wà lẹ́yìn pátápátá. Ọ̀nà tí omi ń gbà jáde lábẹ́ dáàmù náà bàjẹ́, omi gòkè, wọ́n jẹ́ kí ẹrẹ̀ múlọ́múlọ́ sún wá sí ibi tí kò yẹ kó dé, lẹ́yìn náà wọ́n tún mọ ògiri lé e lórí. Lọ́jọ́ kan, yanrìn tó kún fún omi náà dẹ̀ lójijì, ó di ohun tó ń ṣàn.

Ọdún mẹ́ta àti díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kìíní 2019, dáàmù ilé iṣẹ́ Vale mìíràn já ní Brumadinho, ní ìpínlẹ̀ kan náà. Ọ̀sán ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹun nínú ilé oúnjẹ tí wọ́n kọ́ sí ìsàlẹ̀ dáàmù gan-an. Ènìyàn 270 ni wọ́n kà sí òkú. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ fún àwọn ará etí odò Paraopeba pé kí wọ́n má lo omi rẹ̀ mọ́. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òun ló kan Ítakpè jù: láti 2016 ni wọn ò ti da ẹrẹ̀ tuntun sínú dáàmù yẹn mọ́. Wọ́n kà á sí èyí tó ti sinmi. Ilé iṣẹ́ kan tó ń yẹ dáàmù wò ti fún un ní ìwé pé ó dúró ṣinṣin, nígbà tí kò tíì ku ọdún kan gbáko kó já. Fèrè ìkìlọ̀ tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò dún. Omi tí kò rí ọ̀nà jáde ló wà nínú rẹ̀ látọdúnmọ́dún, òjò sì ń fi kún un.

Nítorí náà, dáàmù ẹrẹ̀ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti dákẹ́ kò tíì kú. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ lókè ilé yín, ẹ yan ẹni tí yóò máa lọ wò ó, pàápàá láti oṣù Keje títí dé oṣù Kẹwàá. Kó wo bóyá omi ń sun jáde lára ògiri níbi tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Kó wo bóyá omi tó ń sun náà, tó ti ń mọ́ bọ̀, ti ń gbé ẹrẹ̀ jáde. Èyí ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Kó wo bóyá omi adágún ti sún mọ́ ògiri, bóyá ilẹ̀ là, bóyá páìpù tó ń fa omi jáde ti gbẹ nígbà tí òjò ń rọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú rẹ̀, ẹ kó àwọn arúgbó àti ọmọdé kúrò ní àfonífojì kí ẹ tó máa pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Bí ó bá já, ẹ má sá tẹ̀ lé odò lọ, ẹ má dúró de fèrè, ẹ má padà wá kó ẹrù. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kan gun òkè.

Ti Àgbájà yàtọ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ mọ̀ ọ́n. Irin pọ̀ lórí òkè yín, ṣùgbọ́n fọ́sífọ́ọ̀sì pọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì wọnú irin náà débi pé lílọ̀ àti fífọ̀ lásán ò lè yọ ọ́. Àwọn onímọ̀ ti fi ásíìdì gbìyànjú rẹ̀ nínú ilé àyẹ̀wò. Ọ̀nà yòówù tí olówó bá mú wá lọ́la, kí ẹ bi í pé: ásíìdì mélòó, níbo ni ẹ ó ti tọ́jú rẹ̀, kí ni ẹ ó ṣe sí omi tó bá kúrò nínú rẹ̀? Bí kò bá lè dáhùn lédè tí bàálẹ̀ gbọ́, kí ẹ má fọwọ́ síwèé.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká ti wà láti 1992, ó sì gba aráàlú láàyè láti ka ìwé àyẹ̀wò náà kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin ìwakùsà ti 2007 sọ pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà wọ́n lálejò ṣe àdéhùn. Àwọn ìlú sábà máa ń béèrè ilé ẹ̀kọ́ àti gbọ̀ngàn nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi omi ṣíwájú gbọ̀ngàn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn yóò yẹ odò àti kànga wò lóṣooṣù, pé ilé àyẹ̀wò tí kì í ṣe tiwọn ni yóò ṣe é, pé èsì rẹ̀ yóò wà lára ògiri ọjà ní Yorùbá àti Èbìrà, àti pé ẹ ó máa rí ìwé tó ń sọ bí omi ṣe ga tó nínú dáàmù.

Ẹ má sì dúró de àdéhùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gba omi nínú ìgò mímọ́: ọ̀kan lókè odò, kó tó dé ibi iṣẹ́, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan nínú kànga tí ènìyàn ń lò jù. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ẹ ti gbà á sára ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e sínú yìnyín, kí ó sì dé ilé àyẹ̀wò lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ní kí wọ́n wo pH, irin, mángáníìsì, náítíréètì, sọ́fétì, òjé àti àsẹ́níìkì. Owó tí yóò ná ìlú kò ní tó owó ìsìnkú kan. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé èsì náà, kí ọ̀kan wà láàfin, ọ̀kan ní mọ́sálásí, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyálọ́jà. Títí èsì yóò fi dé, omi òjò tí ẹ gbè sínú ohun tó mọ́, tàbí omi bọ́họ́ọ̀lù tí wọ́n ti yẹ̀ wò, ni kí ẹ fi po oúnjẹ gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.